Ọmọ Tí Ó Fi Sítóòfù Ìyá Rẹ̀ Ṣe Ìdánwò

 Ẹ̀ṣẹ̀ kan ń bẹ lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo dá irú rẹ̀ rí.

Ní Ráńmádánì ọdún méjì sẹ́yìn, bí mo ti ń lọ ata fún ìṣínu, mo gbọ́ ìró kan, gbòà, láti inú yàrá. Nígbà tí n óò fi dé ibẹ̀, dígí tí Bàbá Ìbejì fi ń wojú ti fọ́ yángá, Ìdòwú mi sì dúró pẹ̀lú ìgò kan, tí ìfófòó funfun ń ṣàn sí i lọ́wọ́. Ó ti bu kánún mi, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, ó sì fi ìdérí dí ẹnu ìgò náà pinpin. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà. Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ mọ bí agbára rẹ̀ ti tó ni." N kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ààwẹ̀ ń gbẹ mí lọ́fun, inú sì ń bí mi. Mo nà án, mo kó gbogbo ìgò rẹ̀ àti páànù rẹ̀ àti wáyà rẹ̀, mo dà wọ́n sí ààtàn.

Wọ́n máa ń sọ pé olórí kunkun ni Ìdòwú, ṣùgbọ́n tèmi kò bá mi jà. Ó kàn dákẹ́ ni. Ọmọ tí í máa bi mí pé kí ni ó ń gbé ìdérí ìkòkò sókè bí ọbẹ̀ bá ń hó, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni ó kọ́. Mo tilẹ̀ fi í yangàn lójú àwọn aládùúgbò. Ó di ọdún yìí tí wọ́n ní kí ó yan ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ ní ilé ìwé, bóyá ti sáyẹ́ǹsì ni tàbí ti ìṣòwò. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni, Mọ́mì." Bàbá Ìbejì yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ìwọ náà gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí?" Mo gbọ́ ọ. N kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Táíwò mi, tí ó wà ní yunifásítì, ni ó ka ìtàn ọ̀gbẹ́ni kan fún mi nígbà tí ó wá sílé. Ahmed Zewail ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Íjíbítì ni. Ìlú Damanhur ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1946, ṣùgbọ́n ìlú Desouk ni ó gbé dàgbà, níbi tí mọ́sáláṣí ńlá Sidi Ibrahim al-Dasuqi wà. Òun nìkan ni ọkùnrin láàárín obìnrin mẹ́ta. Nígbà tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì ní ọdún 1999, ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó fún un ní ẹ̀bùn náà. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun gbé sítóòfù kékeré tí ìyá òun fi ń se kọfí wọ inú yàrá tí òun ń sùn, òun wá ọ̀pá gíláàsì díẹ̀ mọ́ ọn, òun sì ń dáná sí igi láti wo bí yóò ṣe di afẹ́fẹ́ tí ń jó àti omi. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ewu wà níbẹ̀ pé òun lè sun ilé náà!

Mo ní kí Táíwò tún un kà. Mo ń retí ibi tí ìyá náà ti mú pàṣán. Kò sí níbẹ̀. Bóyá ó nà án, bóyá kò nà án, ọkùnrin náà kò sọ. Ohun tí ó sọ ni pé ìyá òun fi gbogbo ayé rẹ̀ sin àwọn ọmọ rẹ̀, àti pé wọ́n kọ "Dókítà Ahmed" sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá tí òun ti ń kàwé, nígbà tí òun kò tíì sún mọ́ oyè kankan. (Bí ó bá ń kàwé, orin Umm Kulthum ni ó ń gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi a sì máa pariwo mọ́ àwọn ọmọ mi kí wọ́n pa rédíò.)

Ẹ má ṣe rò pé àkọlé ẹnu ilẹ̀kùn ni ó sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n o. Ọjọ́ tí àbúrò òbí rẹ̀ kọ́kọ́ mú un dé ọgbà yunifásítì ní Alexandria, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní 1967, wọ́n sì mú un láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó gba oyè kejì ní 1969. Ọdún náà ni ó kọjá sí Amẹ́ríkà, sí Yunifásítì Pennsylvania, gẹ̀ẹ́sì kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1974, ó ṣe ìwádìí ní Berkeley fún ọdún méjì, kí Caltech ní Pasadena tó gbà á ní 1976. 1982 ni ó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n kíkún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ láti 1967: ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko.

Kí ni ó wá ń ṣe níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi kánún mi ṣàlàyé. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá kan kánún, àwọn ohun tí ó so pọ̀ nínú kánún yóò tú, wọn yóò sì so mọ́ ẹlòmíràn. Ìfófòó nìkan ni ojú wa rí. Ìgbà tí ìdè ń já gan-an, ó yára ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ. Bí ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù, tí ẹ mú ọ̀kan nínú rẹ̀, tí ẹ tún un pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù, tí ẹ sì pín ọ̀kan nínú ìyẹn sí ẹgbẹ̀rún, ohun tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní femtosecond. Zewail fi ìmọ́lẹ̀ lésà ṣe bí ayàwòrán: ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ a tú ìdè, ìmọ́lẹ̀ kejì a ya àwòrán rẹ̀. Ní 1987, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí ìdè kan tí ó já láàárín nǹkan bí 200 femtosecond. Wọ́n tún wo irú iyọ̀ kan, sodium iodide, bí ohun méjì tí ó wà nínú rẹ̀ ti ń jìnnà síra, tí wọ́n tún ń padà wá bá ara wọn, bíi tọkọtaya tí ń bínú, títí wọ́n fi pínyà.

Òun ni ọmọ Íjíbítì àkọ́kọ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú sáyẹ́ǹsì, òun nìkan ni wọ́n sì fún ní ti kẹ́místrì lọ́dún náà. Ó kú ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2016. Íjíbítì ni wọ́n gbé e lọ sin sí. Kí Ọlọ́run Ọba forí jì í.

N kò kọ ohunkóhun sí ẹnu ilẹ̀kùn Ìdòwú. Ojú tì mí láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo pe káfíńtà, ó kan pákó kan mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo gbé garawa omi kan àti iyanrìn sí abẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dáná níbẹ̀ bí kò bá sí àgbàlagbà nítòsí, kò sì gbọ́dọ̀ dé ìgò mọ́ kánún mọ́ láé. Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò rọrùn fún ìyá láti bẹ ọmọ.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì," kò sì wí nǹkan mìíràn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgò òfìfo méjì péré ni ó wà lórí pákó náà. Mo bi í nípa ẹ̀kọ́ tí yóò yàn, ó ní òun ṣì ń rò ó.

Lánàá, bí mo ti ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásárì, ó wá dúró lẹ́yìn mi. Ó bèèrè bóyá kánún ṣì wà nílé.