Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Iṣẹ́ Wa

Nínú àwa tọkọtaya, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ báǹkì, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ní báǹkì, iye owó tí a bá mú wọlé ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ wa. Ní iṣẹ́ ìjọba, fọ́ọ̀mù ọdọọdún ni, ọ̀gá a sì fún wa ní máàkì.

Àfojúsùn dára. Ìwádìí kan jáde ní 1975 lórí àwọn awakọ̀ tó ń kó gẹdú ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n kàn ní kí wọ́n sa ipá wọn, nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ẹrù tí òfin gbà ni wọ́n ń kó. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó ìdá 94, ó gòkè dé nǹkan bí 90.

Ṣùgbọ́n àfojúsùn tó ju agbára lọ a máa bí irọ́. Ní 2016, àṣírí tú pé àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà ń ṣí àkáǹtì láìsọ fún oníbàárà, kí iye tí wọ́n bù fún wọn lè pé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ nǹkan bí 5,300 nínú wọn.

Inú owó oṣù wa ni owó iléèwé àwọn ọmọ ti ń jáde. Síbẹ̀, a ti jọ pinnu: bí iye náà kò bá pé, “kò pé” la ó kọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má dúró di òpin ọdún. Ẹ pe òṣìṣẹ́ yín nísinsìnyí, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ń dí i lọ́wọ́.