Owó Ilé Ti Ṣáájú Rélùwéè Dé

Ní ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá sí Èkó, ó ṣí ọ̀nà rélùwéè tí à ń pè ní Blue Line. Fọ́tò kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lọ sí Marina lọ́jọ́ kejì pé ẹ fẹ́ wọkọ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn padà. Ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún yẹn kan náà ni èrò tó ń sanwó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ẹ̀. Oṣù méje lé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ software bíi tèmi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni "ó ti parí", ọ̀tọ̀ ni "ẹ máa lò ó".

Oṣù méje yẹn kọ́ ni ẹjọ́ mi. Ẹjọ́ mi ni ìdajì tó kù. Láti Marina dé Mile 2 lọkọ̀ ń ná báyìí, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Láti Ìgànmú wọ Marina, orí òpó ló ń gbà, ó sì kọjá lórí ọ̀sà. Ẹni tí kò bá tíì wọ̀ ọ́, ẹ lọ wọ̀ ọ́, ó dùn. Àmọ́ Okokomaiko ni wọ́n ní ó ń lọ látìbẹ̀rẹ̀, kìlómítà 27 lápapọ̀. Ọjọ́ tí Buhari ṣí apá kìíní náà ni wọ́n fọwọ́ síwèé apá kejì, láti Mile 2 sí Okokomaiko. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Mile 2 lọkọ̀ ṣì ń yí padà.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ka ọdún, ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Ọdún 2009 ni ìjọba Fáṣọlá gbé iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ CCECC, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, wọ́n sì ní ọdún 2011 ló máa parí. Owó ò tó, ìjọba ń yí padà, ọdún ń gorí ọdún. Ṣáájú ìyẹn, Jákàńdè ti bẹ̀rẹ̀ Metroline tirẹ̀ ní 1983. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985, owó tó lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là ló sì bá a lọ. Ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba ológun yẹn ni Buhari, ẹni kan náà tó wá ṣí Blue Line ní ọdún 38 lẹ́yìn náà. Mi ò ní sọ nǹkan kan sí i.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Ìyànà-Ìbà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn ọlọ́dún méjì. Marina ló ti ń ṣiṣẹ́. Ààgo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde nílé, ọmọ ṣì ń sùn. Yóò wọ dánfó dé Mile 2, yóò wá wọ rélùwéè níbẹ̀. Láti Mile 2 dé Marina kò tó ìdajì wákàtí. Láti Ìyànà-Ìbà dé Mile 2, tó bá jáde lẹ́yìn ààgo mẹ́fà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó lè jẹ́ wákàtí kan, ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ pé kọ́ńdọ́ máa ní kí gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀ ní Alákijà, pé ọkọ̀ òun ò lọ mọ́. Ìdajì tó rọrùn ni wọ́n ti bá a tún ṣe. Ìdajì tó ń jí i lóru ló kù.

Lọ́dún tó kọjá, lánlọ́ọ̀dù wọn kọ lẹ́tà pé owó ilé ti lé. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà ò tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wo títì. Rélùwéè ń bọ̀. Ẹ̀ẹ́ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Èyí ni mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni kọ sínú ìròyìn: pé rélùwéè tí kò tíì dé ti ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Gbogbo éjẹ́ǹtì tó wà lójú ọ̀nà Badagry ló ń tà á. Ẹni tó fẹ́ yálé ń sanwó ọkọ̀ tí kò tíì wọ̀, ó sì tún ń san ti dánfó tó ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Sunday kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ bá sọ fún ọ̀gá yín pé ó ku díẹ̀, mélòó ni díẹ̀ yẹn?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Díẹ̀ ò ní iye, àfi tí èèyàn bá jókòó ka ohun tó kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ kan wà láàárín àwa tá a ń ṣiṣẹ́ yìí, Tom Cargill ti Bell Labs ni wọ́n ní ó sọ ọ́: ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iṣẹ́ a gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àkókò tẹ́ ẹ fún un, ìdá kan tó kù á tún gba ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá míì. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Rélùwéè náà rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irin nílẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Iná mànàmáná ni Blue Line ń lò. Irin kẹta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó ń gbé iná fún ọkọ̀, ẹni tó bá sì tẹ̀ ẹ́ lè kú. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi pariwo lọ́dún 2023 pé kẹ́nikẹ́ni má sọdá ojú irin mọ́. Ẹ wá ro títì Badagry, níbi tí èèyàn ti ń gbẹ́rù lórí sọdá lọ́sàn-án gangan. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ọgbà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ètò signal wà tó ń sọ fún ọkọ̀ kan pé òmíràn wà níwájú. Ibi tí ọkọ̀ ti máa bọ́ láti ojú irin kan sí èkejì kó tó lè yí padà tún wà, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè kàn ṣí ibùdókọ̀ kan sí i bí ìgbà tí dánfó bá na ọ̀nà rẹ̀ síwájú. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ òfìfo gbọ́dọ̀ lọ, kó bọ̀, fún ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni wàhálà máa ń yọjú.

Nítorí náà, mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n ṣáà ṣí i. Software tí mo bá yára gbé jáde, tó bá bàjẹ́, ẹnì kan máa bú mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe èébú. Kí wọ́n dán an wò títí tó fi máa sú wọn.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọjọ́ nìkan ni wọ́n máa ń fún wa. Ọjọ́ á yẹ̀, wọ́n á fún wa ní òmíràn. Níbi iṣẹ́ mi, mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá mi á ní kí n ṣí pátákó iṣẹ́, kí òun rí èyí tó ti parí, èyí tó wà lọ́wọ́, èyí tí owó rẹ̀ ò tíì jáde. Ṣé kò ṣeé ṣe kí wọ́n gbé irú pátákó bẹ́ẹ̀ sí Ìyànà-Ìbà, ní èdè Yorùbá, lóṣooṣù? Ibùdókọ̀ yìí dé ibi báyìí, iná ò tíì wọ̀, ìdánwò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní olóṣèlú kankan ò ní gbà, pé àwọn alátakò á fi pátákó náà ṣe ìpolongo. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pinnu bóyá kóun kó lọ tàbí kóun dúró kì í ṣe alátakò ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun á ti wọ ilé-ìwé kóun tó lè máa jí lẹ́yìn rẹ̀.

Owó ilé tún pé lóṣù tó kọjá. Lánlọ́ọ̀dù ní ọdún kan gbáko lòun ń gbà. Oṣù mẹ́fà ni àbúrò mi gbé fún un. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìyókù ń bọ̀. Tí mo bá ti gbọ́ fèrè rélùwéè láti inú yàrá mi, ẹ wá gbà á." Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí, ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ rìsíìtì oṣù mẹ́fà fún un.