ATẸ́GÙN TÓ Ń TÌ WÁ LẸ́YÌN

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyangàn, nítorí ìtìjú wa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Jánúárì ọdún 2019, àwa mẹ́ta tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ yìí pàdé létí ọ̀sà ní apá Ìkòròdú. Ọ̀kan nínú wa ti Lọ́ńdọ̀nù wá fún ìsinmi, ó sì mú pákó orí omi méjì dání. Rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é. Bí a bá fi páǹpù fẹ́ atẹ́gùn sí i, yóò le bí igi, yóò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, yóò sì nípọn tó íǹṣì 6. Orí rẹ̀ ni ènìyàn yóò dúró sí, tí yóò máa fi àjẹ̀ gígùn wà á. Àwọn olùkọ́ eré ojú ìgbì ní Waikiki, ilẹ̀ Hawaii, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n lè máa rí àwọn tí wọ́n ń kọ́, kó tó di eré tí gbogbo ayé mọ̀ lẹ́yìn ọdún 2000.

Àwa méjì wọ omi ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹnì kẹta wa, tí kò lè lúwẹ̀ẹ́, jókòó ti ẹrù. Ọyẹ́ mú gan-an, kùrukùru bo ojú ọ̀sà, apá Lẹ́kí tó wà ní òdìkejì kò hàn rárá. Létí ilẹ̀, omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Atẹ́gùn ọyẹ́ rọra ń fẹ́ láti orí ilẹ̀, ẹ̀yìn wa ló ń bà. Bí a bá ti àjẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan, pákó a sáré. À ń rẹ́rìn-ín, à ń yin ara wa pé iṣẹ́ oko tí a ṣe ní kékeré kò já sí asán.

Ìgbà tí a máa bojú wẹ̀yìn, ẹnì kẹta wa ti kéré bí èèrà. A yí pákó padà, a sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Oòrùn ti gòkè, atẹ́gùn náà sì ti le sí i. Omi tó tẹ́ létí ilẹ̀ ti di ìgbì kéékèèké láàárín ọ̀sà. A wà á títí, igi kan tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò kúrò lójú kan. Nígbà tó yá, igi náà ló ń fi wá sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa ti ṣubú. Okùn tó yẹ kó so pákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti tú u nítorí pé ó ń dí i lọ́wọ́. Kó tó yọrí nínú omi, atẹ́gùn ti gbé pákó lọ bí ewé. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹnì kejì wà lọ bá a, ó fà á gòkè, àwa méjì sì di pákó kan mú. À ń pe orúkọ Ọlọ́hun, ilẹ̀ ń jìnnà sí wa.

A kò mọ̀ pé ẹnì kẹta wa ti sáré lọ bẹ bàbá apẹja kan. Bàbá náà ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ní kí ẹ máa dúró? Ara yín ni ìgbòkun. Bí atẹ́gùn bá le, ẹ kúnlẹ̀. Bó bá le jù, ẹ dọ̀bálẹ̀."

A rò pé yóò wà wá padà lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó so ọkọ̀ mọ́ igi àwọn apẹja, ó ká ìgbòkun, ó sì po gààrí fún wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ò ní máa lọ ni?"

"Ẹ ní sùúrù. Èyí tó gbé yín wá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ti òkun ń bọ̀."

Bó ti wí ló rí. Lẹ́yìn aago méjìlá, atẹ́gùn ọyẹ́ dákẹ́, ojú omi parọ́rọ́. Láìpẹ́, atẹ́gùn tútù láti ìhà òkun kàn wá lójú. Bàbá ta ìgbòkun, a sì gúnlẹ̀ láìlàágùn. Lójú ọ̀nà ló ti ṣàlàyé fún wa: lóru, ilẹ̀ a máa tutù ju omi lọ, atẹ́gùn a sì fẹ́ láti orí ilẹ̀ sórí omi, lọ́sàn-án, ilẹ̀ a gbóná ju omi lọ, ti òkun a sì wọlé. Nígbà ọyẹ́, ti orí ilẹ̀ a máa le, a sì máa pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Èkíní ni àwọn apẹja fi ń jáde, èkejì ni wọ́n fi ń wálé.

A kí ìrun ọ̀sán létí omi kí Alásárì tó wọlé. Pákó kan sọnù, a kò rí i títí dòní. Bàbá kò gba owó wa. Ó ní kí a fi kọ́ ẹnì kẹta wa ní lúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá máa ṣeré lórí omi, ẹ kọ́kọ́ kọjú sí atẹ́gùn nígbà tí agbára ṣì wà lára, kó lè máa tì yín bọ̀ wálé. Bí ẹ bá lọ díẹ̀, ẹ gbìyànjú àtipadà. Ẹ má tú okùn ẹsẹ̀, ẹ má sì lọ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ yín létí omi.

Atẹ́gùn tó kọjú sí wa kọ́ ló kọ́kọ́ tàn wá. Èyí tó ń tì wá lẹ́yìn ni, tí a pè ní agbára wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí ń sanwó fún, tí olùkọ́ ń gbé sókè, kó máa bojú wẹ̀yìn wo ohun tó ń tì í. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a jìnnà sí etí ilẹ̀ kí a tó mọ̀. Àmín.