Ta Ni Wọ́n Bi Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Sí I?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ bá rí mi lójú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ rírán tàbí ti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni ẹ máa ń retí. Lóṣù yìí, ẹ bá mi sọ ìkòkò kalẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin ni èyí, kí ó rántí pé ibi yòówù kí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn owó oṣù, ìbáà ṣe Àbújá, ìbáà ṣe Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, inú ilé ìdáná wa ni ìwé náà ń bọ̀ wá sùn.

Ní Erúnmu níbi tí mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, oko àti ọjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Síbẹ̀, agbolé tí ẹ kò ní bá ẹnì kan tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀: tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, tàbí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tí ń retí owó rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni yìí ni àgbẹ̀ ti máa ń yáwó san fún alágbàṣe. Òun ni ìyá arúgbó ń wojú rẹ̀ fún oògùn, òun ni àbúrò ń wojú rẹ̀ fún owó ìdánwò. Bí owó oṣù ẹnì kan kò bá tó nǹkan mọ́, ìyà rẹ̀ a máa kan ènìyàn mẹ́wàá.

Láti ọdún 2023, ẹ̀sùn kan náà ni mo ń gbọ́ ní ìdí ẹ̀rọ tí a ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Ìyàwó tíṣà kan sọ fún mi pé, “Àǹtí, ìjọba kò dùn mí tó àwọn tí a ní kí wọ́n bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn ni wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù bàbá àwọn ọmọ mi lóṣooṣù.” Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́, wọ́n sì ń yọ tèmi náà. N kò lè sọ fún un pé ó ń ṣe àṣejù.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti rìn. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba gan-an, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Kí oṣù náà tó parí, lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 ti di nǹkan bí ₦500; nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, ó ti di ₦617 ní Àbújá. Àjọ NLC, tí Joe Ajaero jẹ́ ààrẹ rẹ̀, ní ìyanṣẹ́lódì yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 5, wọ́n dá a dúró. Wọ́n tún dá ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ 2, wọ́n tún dá a dúró. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, dópin ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2024, dúró ní ọjọ́ kejì bákan náà. Ìyá kan ládùúgbò wa ní bí iná mànàmáná ni ìyanṣẹ́lódì wọn rí: kí ènìyàn tó gbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ, ó ti lọ.

Ní ọdún 2024 yìí kan náà, nígbà tí ìjíròrò lórí owó oṣù tuntun ń lọ lọ́wọ́, àwọn aṣáájú ṣe ohun kan tí ó dùn mọ́ mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ètò ilé. Wọ́n ní ₦615,000 ni kí owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ jẹ́, wọn kò sì sọ iye náà lásán. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Wọ́n kọ ₦40,000 fún owó ilé, ₦110,000 fún owó ọkọ̀, wọ́n sì kọ ₦9,000 fún oúnjẹ òòjọ́, èyí tí ó jẹ́ ₦270,000 lóṣù. Mo kọ ìṣirò náà sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, a sì tú u wò. ₦9,000 láàárín ènìyàn mẹ́fà jẹ́ ₦1,500 fún ẹnu kọ̀ọ̀kan lójúmọ́: ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ́sàn-án, àmàlà pẹ̀lú ẹja tí kò tóbi lálẹ́. Kò sí fàájì kankan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní ẹni tí ó ṣe ìṣirò yìí gbọ́dọ̀ ti gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà rí.

Láti ₦615,000, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ₦494,000. Ìjọba ní tirẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ná ẹja ní ọjà Bódìjà: ₦48,000, ₦54,000, ₦57,000, ₦60,000, ₦62,000. Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ọ́ di ₦70,000. Kì í ṣe kíkéré iye yìí nìkan ni ó dùn mí. Ìṣirò àkọ́kọ́ ni wọ́n fi hàn wá, wọn kò fi ti ìkẹyìn hàn wá. Nínú ọmọ mẹ́rin wọ̀nyẹn, èwo ni wọ́n ní kó má jẹun mọ́? Ṣé ilé ni ìdílé náà yóò kó kúrò ni, tàbí bàbá ni yóò máa fi ẹsẹ̀ rìn láti Erúnmu dé Ìbàdàn?

Kò pé oṣù méjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, epo fò kọjá ₦850. Ìgbà yẹn ni àjọ NLC tó sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìjọba ti da àwọn, pé nítorí kí owó epo má baà tún gòkè wà lára ìdí tí àwọn fi gba ₦70,000. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó túmọ̀ sí pé àdéhùn méjì ni ó wà, ọ̀kan nínú ìwé òfin, ọ̀kan lórí ahọ́n lásán. Àwa tí a ó sì fi owó náà se oúnjẹ kò gbọ́ nípa èkejì àfi ìgbà tí ó bàjẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa, Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ ọ́ di ₦80,000 láti oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú bírò yín, kí ẹ pín ₦80,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ sì pín èyí tí ẹ bá rí sí ènìyàn mẹ́fà. Díẹ̀ lé ní ₦444 ni, ti oúnjẹ, ti ilé, ti ọkọ̀, ti ìwé, ti oògùn pátá.

Àwọn ará Ọ̀ṣun ti rí irú èyí ṣáájú wa. Ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ti jẹ òṣìṣẹ́ ní owó ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ bá ìjọba ṣe àdéhùn tuntun. Ipò 1 sí 7 ń gba owó wọn pé, ipò 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, láti ipò 12 lọ sókè ń gba ìdajì. Ọdún 2018 ni owó tó padà pé. Alága ìgbìmọ̀ tí ń pín owó tí ó bá wọlé ni Hassan Sunmonu, ààrẹ àkọ́kọ́ tí NLC ní, ẹni tí ó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ọdún tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦125. N kò sọ pé ó ṣe ibi. Bí owó bá kéré, ẹnì kan ni yóò ṣáà pín in, ó sì lè sàn kí ẹni tí ó mọ ìyà òṣìṣẹ́ wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sí ipò tíṣà àgbà kan tí ń gba ìdajì: bí ó bá gbójú sókè láti wá ẹni tí yóò bá a gbèjà, àwọn tí ó ń wá ni yóò rí lórí ìjókòó pẹ̀lú àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ kiri ni pé àwọn aṣáájú gba rìbá. Èmi kò bá wọn sọ ọ́, nítorí n kò rí i. Ohun tí mo rí ti tó mi. Nínú èésú tí àwa obìnrin ń dá ní Erúnmu, olórí wa kò ka ìwé rárá. Nígbà tí ọjà kò tà tí ó fẹ́ kí a dín owó tí a ń dá kù, ó kọ́kọ́ pè wá jọ. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí wọn kò lè jáde, ó tọ̀ wọ́n lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan láti béèrè. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ìdínkù náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé òní ni irú ìbínú yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí ogun sọ ọjà di ọ̀wọ́n tí ìjọba òyìnbó kò sì fẹ́ fi owó kún owó, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá oṣù Kẹfà fún ìyanṣẹ́lódì. Àwọn olórí àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n sún un síwájú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀, wọ́n tẹ̀ lé Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìhámọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 30,000 fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ta ni ń bọ́ wọn? Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alímọ́tù Pẹlẹ́wúrà ṣe olórí wọn, gbè sẹ́yìn wọn, ó sì ju ilé kan lọ tí ó jẹ́ pé èrè orí àtẹ ìyàwó ni wọ́n ń jẹ títí ọkọ fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìtàn tí wọ́n ń kọ́ wa, orúkọ Imoudu ni a mọ̀. Àtẹ wọ̀nyẹn kò ní orúkọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ fún ọkọ wọn pé kí ó kọ̀wé kí wọ́n má ṣe yọ owó ẹgbẹ́ mọ́. Àtúnṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 2005 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́, nítorí náà wọn kò rú òfin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 1988, tí ìjọba ológun Babangida tú ìgbìmọ̀ aṣáájú NLC ká, tí wọ́n fi alábòójútó kan ṣoṣo sípò wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà ni owó epo gòkè. Bí ẹgbẹ́ bá kú, ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kì í ṣe ìyàwó tíṣà.

Èyí tí ó kàn ń ká mi lára jù ni aago ìpàdé. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tí mo mọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, wákàtí gan-an tí ọmọ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ dé tí iná sì gbọ́dọ̀ jó. Bí àwọn tí ń ná owó náà kò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò béèrè iye tí kóńgò gààrí jẹ́? Nọ́ọ̀sì kan wà ládùúgbò wa tí ó ti ń san owó ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́jọ láìlọ sí ìpàdé rí. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, a jọ jókòó ti ìwé owó oṣù rẹ̀, a fàlà sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ owó ẹgbẹ́ sí, a sì ṣírò ohun tí ó ti san láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wo iye náà títí, ó ní kí n fún òun ní bébà. Ìbéèrè kan péré ni ó kọ: “Ta ni ẹ bi kí ẹ tó fọwọ́ sí i?”

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì yóò wà lọ́dọ̀ mi, mo sì ti rẹ ẹ̀wà sílẹ̀.