Ìka Méjì Péré Ló Wà Nínú Ìbọn Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbọn adigunjalè, kì í sì í ṣe tọlọ́pàá. Ìbọn ṣakabùlà ni, èyí táwọn ọdẹ ilé wa ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n máa ń ti ẹnu rẹ̀ rọ ẹ̀tù sí i. Ọdún 2003 ni bàbá mi kú nílé wa n'Ìkátẹ Ẹlẹ́gùṣì. Lọ́jọ́ tá a jókòó láti pín ẹrù rẹ̀, a pín aṣọ, a pín àga, a pín rédíò, ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìbọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ṣì wà ní kíkì.

Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ bà jù ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, igbó, àbàtà àti igi àgbọn ló pọ̀ ládùúgbò wa. Títì Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Lateef Jakande ṣe ló kọ́kọ́ la ojú ibẹ̀, nígbà tí ìjọba ológun sì wó Maroko ní July 1990, púpọ̀ nínú àwọn tí kò nílé mọ́ ló ya wá sọ́dọ̀ wa, ni ilẹ̀ bá di wúrà. Lọ́dún 1999, ẹ̀gbọ́n mi ta pulọ́ọ̀tì kan nínú ilẹ̀ Bàbá láìsọ fún un. Inú bí Bàbá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo pé, "Ìbọn mi wà ní kíkì o! Ẹni tó bá tún tẹ ilẹ̀ mi, kó má sọ pé mi ò wí!"

Ẹ̀gbọ́n mi gbà pé òun ni Bàbá ki ìbọn dè. Láti ọjọ́ náà, kò wálé mọ́, odidi ọdún mẹ́rin gbáko. Bàbá ránṣẹ́ pè é títí, ó ní òun ò lè lọ jókòó níwájú ìbọn. Ọjọ́ ìsìnkú ló tó padà wọlé.

Èmi ni mo sọ fún wọn pé ọ̀nà wà tá a fi lè mọ ohun tí Bàbá kì sínú ìbọn náà, torí ó ti kọ́ mi. Iṣẹ́ ẹja ni Bàbá ń ṣe, ọdẹ ló fi ń ti iṣẹ́ ọ̀hún lẹ́yìn. Òkété, ọ̀kẹ́rẹ́, àparò àti ọ̀yà ló ń pa létí àbàtà. Ẹran ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́dọ̀ wa, tó bá sì rí ẹtu pa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. (Ẹtu lẹran, ẹ̀tù ni tìbọn o, ẹ má ṣì mí gbọ́.)

Ọ̀pá tó fi ń ki ìbọn náà ló jẹ́ òṣùwọ̀n fún un. Tí ìbọn bá ṣófo, tó bá ti ọ̀pá yẹn bọ inú rẹ̀ títí tó fi kan ìdí, orí ọ̀pá á ṣe déédéé pẹ̀lú ẹnu ìbọn. Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, ọ̀pá á yọrí síta, ibi tó yọrí yẹn ni Bàbá máa ń tẹ́ ìka sí lára. Ìka méjì ni ti òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́, àpapọ̀ ẹ̀tù, àkísà àti ọta wẹ́wẹ́ ni o. Ìka mẹ́ta ni ti ọ̀yà, mẹ́rin ni ti ẹtu. Ìbọn tiẹ̀ nìyẹn o. Ìbọn ẹlòmíì ní ìṣirò tiẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́, ọ̀tọ̀ ni páìpù tó fi rọ ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ. Ó ní kí n ki ìbọn fún òkété tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa. Mo rò ó pé bí ẹ̀tù bá ṣe pọ̀ tó ni òkété á ṣe yára kú tó, ni mo bá ki ìka mẹ́rin láìsọ fún un. Bàbá yìn ín. Ariwo yẹn! Ìbọn ti Bàbá sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, èéfín bo gbogbo wa lójú, òkété sì ń rìn lọ bí ẹni ń lọ ọjà. Ọta kan bá dúrọ́ọ̀mù omi màmá mi.

Mo rò pé ó máa nà mí. Kò nà mí. Ó mú ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ pẹ́lẹ́, ó lọ tààrà. Ó tún mú òmíràn, ó fẹ́ ẹ tagbáratagbára, ó fọ́n ká gbogbo ilé. Ó ní bí ọta wẹ́wẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn tí ẹ̀tù bá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fọ́n ká, ẹran á sì gba àárín wọn kọjá. Tó bá wá jẹ́ pé ẹran sún mọ́ ẹ, o ò ní rí nǹkan kan gbé sọ́bẹ̀ àfi irun.

Ohun tó tún máa ń sọ ni ti ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ òkun tọ́dọ̀ wa kì í jẹ́ kí ẹ̀tù gbẹ. Ẹ̀tù tó bá ti rin kì í tètè gbiná, ọdẹ mìíràn á wá rò pé ó kéré ni, á tún rọ òmíràn lé e. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọdẹ gbà pàdánù ìka àti ojú nìyẹn, torí ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá gbiná pọ̀, páìpù á ya. Nítorí náà, inú àdó tó dé ẹnu rẹ̀ pinpin ló ń kó ẹ̀tù sí, jìnnà síná. Tó bá sì rin, ó máa ń dà á nù ni.

Àṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣírò báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbé ní Tennessee, l'Amẹ́ríkà, sọ fún mi pé àwọn òyìnbó kan ṣì ń fi ìbọn alẹ́nu-kíkì pa ọ̀kẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ihò rẹ̀ kéré, bíi mìlímítà mẹ́jọ, ilà wà nínú rẹ̀ tó ń mú ọta kan ṣoṣo yí bó ṣe ń jáde. Ẹ̀tù tí wọ́n ń rọ sí i kò tó ìdajì ṣíbí tíì. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, wọ́n á yìn ín sára pépà, wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí ọta á fi máa bà sójú kan. Orí ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò, kí ẹran má baà bàjẹ́. Ìbọn tiwa kò nílà nínú, kò sì yà mí lẹ́nu. Nínú àdéhùn táwọn òyìnbó fọwọ́ sí ní Brussels lọ́dún 1890, wọ́n ní kí wọ́n má ta ìbọn ìgbàlódé fáwọn èèyàn Áfíríkà, ìbọn olókùúta tí inú rẹ̀ dán àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n yọ̀ǹda. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pàápàá ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ lára ìbọn yòókù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Ká padà sílé wa. A lọ bẹ bàbá ọdẹ kan wá láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, torí ìbọn tó ti pẹ́ ní kíkì kì í ṣe ohun àwàdà. Ó gbé e jáde síta, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí kò séèyàn, ó rọra da omi síbi tí iná ń gbà wọlé, ó ní ká jẹ́ kó mu ún dáadáa. Lẹ́yìn náà ló ti ọ̀pá bọ̀ ọ́. Ó pè mí pé, "Ọmọ ọlọ́dẹ, ó kù sọ́wọ́ rẹ."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo tẹ́ ìka mi sára ọ̀pá. Ọ̀kan. Èkejì. Ó tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, pé Bàbá lè ti yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Bàbá ọdẹ kò dá a lóhùn, ó fi wáyà tó lọ́ fa àkísà jáde, ó gbọn ọta náà sínú àwo: wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà, kò sí èyí tó tóbi níbẹ̀. Ẹ̀tù ti dì mọ́ ìpẹtà. Ó ní èyí ti wà níbẹ̀ fọ́dún púpọ̀, pé kò sí ọdẹ tó máa fi irú eléyìí de èèyàn.

Ìgbà yẹn ni màmá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Òkété ló ń jẹ ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé lọ́dún yẹn. Òun ló kì í fún. Ẹnu lásán ló fi ń halẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n ní, "Ṣé o wá bi mí ni?"

Ọ̀gbẹ́ni náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún ju bó ṣe sun lọ́jọ́ ìsìnkú lọ.

A kó ìbọn náà pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ń ṣọdẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fẹ́ kọ́bọ̀ nínú ogún, ọ̀pá ìbọn yẹn nìkan lòun fẹ́. A fún un. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ l'Ajah ló wà títí dòní.