Fúùsì Kì í Ṣe Ọ̀tá Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bínú bí fúùsì bá jó. Èmi gbà pé oore ló ṣe wọ́n. Kí ẹ tó bá mi jiyàn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iná mànàmáná ṣe ń rìn.

Ọ̀nà tó yípo ni iná ń tọ̀. Yóò kúrò ní orísun rẹ̀, yóò gba inú wáyà lọ sínú gílóòbù, yóò sì gba wáyà kejì padà. Bí ọ̀nà yìí bá já níbì kan, iná kò ní tàn mọ́. Iṣẹ́ súwíìṣì nìyẹn: ó ń já ọ̀nà, ó sì tún ń so ó pọ̀. Fúùsì náà ń já ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀ máa ń yọ́ bí iná tó ń kọjá bá pọ̀ jù, kí wáyà tó kù má baà gbóná débi tí yóò jó.

Ọdún 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ pèsè iná mànàmáná nílùú Èkó. Síbẹ̀, ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo ń gbé, a ṣì ń pariwo "Up NEPA!" bí iná bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni NEPA ti yí orúkọ padà. Kété tí a bá pariwo tán, oníkálukú a sáré, torí a kò mọ ìgbà tí iná yóò tún lọ. Ẹni kan a máa lọṣọ, ẹnì kejì a máa se omi, ẹnì kẹta a gbé ìrẹsì kaná.

Orí ẹ̀sítéńṣọ̀n kan ṣoṣo nínú yàrá Ìyá Àgbà ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn: áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì, kẹ́tù 2,200, sítóòfù oníná 1,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,900. Bí a bá fi 230 fóòlù pín in, ó lé ní 21 áḿpíà. Ẹ̀sítéńṣọ̀n náà kò sì ju 13 áḿpíà lọ. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà kan náà ló ń ru ẹrù gbogbo wọn. Bí iná inú wáyà bá sì di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Nígbà tí fúùsì rẹ̀ jó lẹ́ẹ̀kẹta, Bọ̀dá, àbúrò màmá mi, fi wáyà bàbà kan rọ́pò rẹ̀. Fúùsì kò jó mọ́. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì náà ń pọ́n, òórùn rọ́bà sì ń jáde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọ kéékèèké ń sùn.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà yẹn."

Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo máa ra fúùsì lójoojúmọ́ ni?"

N kò jiyàn. Mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, mo sì fa fọ́nrán kan yọ lára kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò. Mo fi so ọ̀nà náà pọ̀. Ó pọ́n yòò, ó sì já. Bátìrì kò gbóná rárá. Lẹ́yìn náà ni mo fi wáyà bàbà sí ipò rẹ̀. Kò já, ṣùgbọ́n láìpẹ́ bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo yára yọ ọ́, mo sì ní kí Bọ̀dá fọwọ́ kàn án.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Àgbà tó jókòó tì wá ló sọ̀rọ̀: "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Yọ ọ́." Bọ̀dá yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀sítéńṣọ̀n tuntun ni wọ́n rà, pẹ̀lú fúùsì gidi.

Ní báyìí, bí iná bá dé, a máa ń tò ni: kẹ́tù kọ́kọ́, áyọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e, sítóòfù gbẹ̀yìn. Nígbà mìíràn iná a lọ kó tó kan ẹni tó fẹ́ lọṣọ, a sì wọ aṣọ rírún lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí fúùsì bá jó nílé yín, ẹ kọ́kọ́ ka iye ohun tó wà lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó máa wá wáyà.