Ọ̀rá Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lára Ìfun

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo purọ́ fún bàbá bàbá mi láìla ẹnu. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọdẹ ni Bàbá, ní agbo ilé wa ní Òwu, l'Abẹ́òkúta. Ìbọn ṣakabùlà ló ń gbé ròde bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọrun kan wà tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kì í sì í jẹ́ kó wà láìní ọsán. Ó máa ń sọ fún wa pé nígbà tí Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ dó ti Òwu láyé ijọ́un, ìbọn tí Ìjẹ̀bú rà létí òkun ló ṣe wá léṣe jù, nítorí àgẹ̀dẹ̀ńgbé ni àwọn baba wa gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn tí ogun yẹn tú ìlú Òwu, 1834 ni àwọn ará Òwu dé Abẹ́òkúta, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó. Lójú Bàbá, ilé Òwu tí kò bá ní ọrun tó ṣeé fà ti gbàgbé ara rẹ̀. Òwe kan ló máa ń pa sí i: ọsán já, ọrún dọ̀pá.

Awọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ọsán, bí èyí tí ẹ ń rí lára ìlù dùndún. Ìfun àgùntàn ni Bàbá fẹ́ràn. Lọ́jọ́ Iléyá, bí àwọn ará ilé ṣe ń pín ẹran, ìfun lòun ń ṣà. A óò tú ìgbẹ́ inú rẹ̀ dànù, a óò ṣàn án léraléra, a óò rẹ ẹ́ sínú omi eérú. Iṣẹ́ gan-an ló kù yẹn. A óò tẹ́ ẹ sórí pákó, a óò máa fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á: ọ̀rá níta, ohun tó ń yọ̀ bí ilá nínú. Èyí tó bá kù á fẹ́lẹ́, á funfun, ẹ óò rí ìka yín láti òdì kejì. Àárín yẹn ló lágbára. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe okùn ìfun tí àwọn dókítà fi ń rán ọgbẹ́, tó ń yọ́ mọ́ ara fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ nílé ìwòsàn, omi bọ́ lójú mi. Bó bá ṣì tutù la óò lọ́ ọ, mẹ́ta papọ̀, a óò nà án sáàárín èèkàn méjì níbi ibòòji. Bó ṣe ń gbẹ ló ń súnkì tó ń le.

Ọ̀rá lọ̀tá rẹ̀. Ibi tí ọ̀rá bá kù sí, ìfun kì í wé mọ́ra níbẹ̀.

Lọ́dún yẹn, ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ó ní kí n dá ìfun kan ha. Òórùn rẹ̀ ń rìn mí, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí. Ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan ni mo fò. Mo ṣe bí ẹni tó ti parí. Bàbá yìn mí, ó sì lọ́ ọ mọ́ méjì tó kù.

Nígbà tó gbẹ, ó pe gbogbo ilé wá wò ó. Ó fa ọrun dé etí. Pàá! Ọsán já, ó na apá òsì rẹ̀, ìlà pupa kan sọ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Kò tilẹ̀ wo apá náà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń wò.

“Ọwọ́ mi ti gbó,” ló wí. “Kò mọ iṣẹ́ mọ́.”

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo sáré lọ bu omi wá kó fi wẹ apá. Omi nìkan ni mo gbé wá.

Kò ṣe ọsán mọ́ títí ó fi kú lọ́dún kẹta.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi ni wọ́n kó àpò ọdẹ rẹ̀ fún. Mo bá ọsán tó já náà nínú rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n fi àkísà wé e. Ọ̀rá wà lójú ibi tó ti já lóòótọ́, ó ti pọ́n bí ìda oyin, kò ju wóró àgbàdo lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnìkan ti tú ìlọ́po okùn náà, ó ti ha ibì kan tó tó ìka méjì, ó mọ́ tónítóní, bó ṣe yẹ kí n ha á. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ha bẹ́ẹ̀ nílé wa?

Bàbá mọ̀. Ọdún mẹ́ta la fi jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, ó mọ̀, ó ń retí mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra ìfun lọ́wọ́ alápatà ní Lafẹ́nwá. Ọsán àkọ́kọ́ tí mo lọ́ já. Èkejì náà já. Ẹ̀kẹta wà lórí èèkàn bí mo ṣe ń kọ èyí. Òjò ò dá láti àná, ọ̀rinrin sì máa ń mú kí ìfun dẹ̀, n kò tíì lè so ó mọ́ ọrun. Mo ti fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti orí dé ìdí, ọwọ́ mi ò ba ọ̀rá kankan. Màá tún un tọ̀ lálẹ́.